Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ti yí kílò padà? Ta ló sì ń wo síkéèlì ọjà wa?

Ìbéèrè: "Ọmọ mi tó wà ní SS2 ló sọ fún mi pé wọ́n ti yí kílò padà láti 2019, pé irin kan tó jẹ́ kílò ní Faransé kì í ṣe kílò mọ́. Èmi a máa ra sódà kọ́sítììkì àti aró ní Ìtòkú, mo sì ń ra gààrí ní Kútọ̀. Ṣé kílò tí mò ń san owó rẹ̀ báyìí kéré sí ti tẹ́lẹ̀ ni? Bí kò bá kéré, kí ni wọ́n wá yí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó bá mi tú u dáadáa, kó má fi gẹ̀ẹ́sì dí mi lójú."

* * *

Kílò yín ò dín, kò sì lé, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí kílò ṣe tó wà bó ṣe wà. Ibi tí a gbé e kà ni wọ́n yí. Lọ́jọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2018, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè péjọ sí Versailles ní Faransé, wọ́n dìbò pé kí kílò kúrò lórí irin, kó bọ́ sórí nọ́ńbà kan tí kì í yí padà. Ìpinnu náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 20 oṣù karùn-ún 2019. Kí wọ́n tó gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n ti wọn irin àtijọ́ náà pẹ̀lú ọ̀nà tuntun títí ohun tí wọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà fi kù sí nǹkan bíi máíkírógíráàmù 10 péré nínú kílò kan. Bí a bá pín gíráàmù kan sọ́nà mílíọ̀nù, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni máíkírógíráàmù. Kò sí síkéèlì kan ní gbogbo Ìtòkú tó lè rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀.

Aró àti sódà ni èmi tí mò ń dáhùn yìí ń tà ní ọjà Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Síkéèlì ni mo fi ń jẹun, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ yìí dójú àmì.

* * *

Ẹnì kan ti dá wa lóhùn pé "lítà omi kan ni kílò kan, kí ni wọ́n ń fi irin dàmú ara wọn fún?" Kò parọ́, ibẹ̀ gan-an lọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1795 òfin Faransé sọ pé gíráàmù kan ni ìwọ̀n omi tó kún àpótí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan ní ìbú, kan ní òòró, kan ní gíga, kí omi náà sì tutù bíi ti yìnyín tó ń yọ́. Ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ni kílò. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa gbé omi kiri láti fi yanjú ìjà ọjà? Ó ń gbẹ, ó ń wú bó bá gbóná, ìdọ̀tí sì ń wọ̀ ọ́. Nígbà tó di 1799, wọ́n fi platinum ṣe irin kan tó ṣe déédéé pẹ̀lú lítà omi kan tí ìtutù rẹ̀ wà ní 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí ibẹ̀ ni omi ti máa ń ki jù lọ.

Ní 1889 ni wọ́n gbé èyí tí gbogbo wa gbọ́ nílé-ìwé jáde: platinum ìdá 90, iridium ìdá 10, wọ́n dà á pọ̀, wọ́n gé e roboto, gíga rẹ̀ mílímítà 39, fífẹ̀ rẹ̀ bákan náà. Wọ́n gbé e sí Sèvres lẹ́bàá Paris, wọ́n fi ìgò dé e mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà títí di 2019, ohun kan ṣoṣo yẹn ni kílò fún gbogbo ayé, fún ẹni tó ń ra wúrà àti fún ẹni tó ń ra ẹ̀wà.

Lítà omi wa níhìn-ín, tí ooru rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bíi 30, kò tilẹ̀ pé kílò. Gíráàmù 996 báyìí ni.

* * *

Ọ̀rọ̀ omi yìí náà ló mú kí ẹlòmíràn sọ pé pure water lòun fi ń dán síkéèlì òun wò: ọ̀rá 50cl méjì, kílò kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lé ìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń di omi sínú ọ̀rá kì í di gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ẹ mú ọ̀rá bíi mélòó kan nínú báàgì kan náà, ẹ gbé wọn lé síkéèlì oní-nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i fúnra yín. Ohun tí a fẹ́ fi mọ̀ bóyá síkéèlì ń parọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí àwa fúnra wa ò ní iyèméjì lórí rẹ̀.

* * *

Kí ni irin náà wá ṣe tí wọ́n fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbí, torí ibí ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ yìí àti tiwa lọ́jà kò yàtọ̀ síra.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ẹ̀dà irin náà, wọ́n pín in fún àwọn orílẹ̀-èdè, wọ́n sì fi mélòó kan sílẹ̀ ní Sèvres. Nígbà tí wọ́n kó wọn jọ láti wọ̀n wọ́n mọ́ra wọn láàárín 1988 sí 1992, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀dà ti fi nǹkan bíi máíkírógíráàmù 50 ju ìyá wọn lọ. Hóró iyọ̀ kékeré kan nìyẹn. Kì í ṣe kíkéré ìyàtọ̀ náà ló gbà wọ́n lọ́kàn. Ohun tó burú ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó yẹsẹ̀ nínú wọn. Ṣé ìyá ló jò ni, àbí àwọn ọmọ ló sanra? Kò sí ibi tí a ti lè béèrè, nítorí òfin ti sọ pé ìyá ni kílò. Bó bá jò, òun náà ṣì ni kílò, gbogbo nǹkan yòókù láyé ló wá wúwo sí i.

Ẹ wò ó bí ẹni pé kóńgò ìyálọ́jà ni òfin ní Láfẹ́ńwá. Lọ́jọ́ tí kóńgò náà bá já bọ́, tí ìdí rẹ̀ wọnú, kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Ti àwọn yòókù ni wọn yóò máa pè ní àṣejù.

Irin náà ṣì wà ní Sèvres, wọ́n ṣì ń tọ́jú rẹ̀. Ó kàn ti di irin tí a lè wọ̀n bí a ṣe ń wọn irin mìíràn, kí a sì sọ ọ́ sí i lójú pé ó dín tàbí ó lé. Fún mi, ìlọsíwájú gidi nìyẹn.

* * *

"Nọ́ńbà báwo? Ṣé a lè gbé nọ́ńbà lé síkéèlì ni?"

Ìbéèrè tó dáa. Nọ́ńbà náà ni wọ́n ń pè ní iye Planck, ti Max Planck ará Jámánì tó mú un jáde ní 1900. Ìmọ́lẹ̀ àti átọ́ọ̀mù kì í gba agbára tàbí tú u sílẹ̀ bí omi tó ń ṣàn. Ẹyọ-ẹyọ ni, iye Planck ló sì ń sọ bí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣe tó. Ó rí bákan náà ní Abẹ́òkúta, ní Paris àti lójú ọ̀run. Ìpàdé Versailles fi í múlẹ̀ ní 6.62607015 × 10⁻³⁴ gẹ́lẹ́, kò lé, kò dín.

Nínú ohun tí a fi ń kọ nọ́ńbà yìí, mẹ́ta ló wà: kílò, mítà àti ìṣẹ́jú-àáyá. Mítà ti dúró lórí eré ìmọ́lẹ̀, 299,792,458 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣẹ́jú-àáyá dúró lórí ìmì kan nínú átọ́ọ̀mù caesium, ìgbà 9,192,631,770. Bí ẹ bá ti so méjì mọ́lẹ̀, tí ẹ sì so nọ́ńbà náà mọ́lẹ̀, kílò ò ríbi sá sí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fọwọ́ ṣe é? Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Bryan Kibble, ló gbé àbá síkéèlì kan kalẹ̀ ní 1975. Ẹrù wà lápá kan. Lápá kejì ni wáyà tí wọ́n ká roboto wà láàárín òòfà. Wọ́n á rán iná sínú wáyà náà títí iná yóò fi gbé ẹrù náà dúró, wọ́n á wọn iná yẹn. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé ẹrù kúrò, wọ́n á máa mú wáyà náà lọ sókè sódò láàárín òòfà kan náà, wáyà fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná jáde. Wọ́n á wọn ìyẹn náà, pẹ̀lú bí wáyà ṣe ń yára tó. Ìṣe ẹ̀ẹ̀mejì yìí lọ́gbọ́n nínú. Bí òòfà ṣe lágbára tó àti bí wáyà ṣe gùn tó nira púpọ̀ láti mọ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pa ìṣirò méjèèjì pọ̀, àwọn méjèèjì á yọ kúrò. Ohun tó kù ni iná, eré, àti bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan tó níbẹ̀. Iná ni wọ́n sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi iye Planck wọ̀n.

Ọ̀nà kejì tún wà. Wọ́n fi silicon ṣe bọ́ọ̀lù kan tó jọ̀lọ̀ gan-an, fífẹ̀ rẹ̀ tó mílímítà 94, wọ́n fi ìtànṣán X-ray wọn bí átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ṣe jìnnà síra, wọ́n sì ti ibẹ̀ ṣírò iye átọ́ọ̀mù tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì kò jọra rárá, síbẹ̀ wọ́n sọ ohun kan náà. Èmi ò rò pé mo tíì gbọ́ ẹ̀rí tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè èyí tó wúwo jù láàárín kílò òwú àti kílò irin: wọ́n dọ́gba. Bó bá jẹ́ síkéèlì tó péye gan-an lẹ fi wọ̀n wọ́n, òwú yóò dà bí ẹni pé ó fúyẹ́ díẹ̀, nítorí ó gba àyè ju irin lọ, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e ró. Kò tó gíráàmù kan nínú kílò.

* * *

Àwọn àgbà tó ṣì ń ka pọ́n-ùn, mi ò bá yín jà. Òfin ìwọ̀n ti 1974 wà nínú ohun tó mú Nàìjíríà bọ́ sórí kílò, ó sì yé mi pé ohun tí a fi kọ́wọ́ kì í tètè kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé pọ́n-ùn dá dúró lẹ́sẹ̀ tirẹ̀. Láti 1959 ni Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn mìíràn ti fohùn ṣọ̀kan pé pọ́n-ùn kan jẹ́ kílò 0.45359237. Pọ́n-ùn náà, lára kílò ló ń jẹ.

* * *

Ọ̀rọ̀ tó gbóná jù nìyí: "Gbogbo ohun tí ẹ sọ kò kan tálákà. Kóńgò ni tiwa, ẹ jẹ́ ká máa bá kóńgò wa lọ." Àwọn mìíràn sì dìde lódìkejì, pé kí ìjọba fòfin de kóńgò pátápátá.

Mi ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kóńgò kì í ṣe olè. Àyè ló ń wọ̀n, kì í ṣe ohun tó wà nínú àyè náà. Gààrí tó kúnná yóò ki nínú kóńgò ju èyí tó rí ṣákaṣàka lọ. Ẹ̀wà tó gbẹ àti ẹ̀wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, kóńgò kan náà, kílò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹnì kan á fà á lórí, ẹnì kan á rọ ọ́ ṣóńṣó, ẹlòmíràn á fi ìka mẹ́rin bọnú kóńgò bó ṣe ń wọ̀n ọ́n. Oníbàárà mọ gbogbo èyí, ó ń fojú wò ó, ó ń bèèrè èènì, èènì náà sì jẹ́ apá kan owó tó san. Bí a bá sọ pé kí ìyá tó ń ta gààrí nílé-ọjà gbé kóńgò jù nù lónìí, síkéèlì olówó pọ́ọ́kú tí kò sẹ́ni tó tíì wò rí ni yóò rà. Nígbà náà ni oníbàárà yóò pàdánù ohun tó fojú rí, nítorí nọ́ńbà tó ń parọ́ ṣòro láti bá jà ju kóńgò tí ìdí rẹ̀ wọnú lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi kóńgò ta sódà. Ẹ má fi ta aró. Ẹ má fi ta oògùn kòkòrò. Ibi tí àṣìwọ̀n bá ti lè ba aṣọ jẹ́ tàbí pa ènìyàn lára, kílò àti gíráàmù nìkan ló yẹ ibẹ̀.

* * *

Aláró kan ní Aṣerò sọ pé òun ra sódà kílò kan, òun tún un wọ̀n nílé, ó pé, ó tilẹ̀ lé díẹ̀, síbẹ̀ aró òun ò yọ́. Ó ní síkéèlì ẹni tó tà á fóun ló ń parọ́.

Síkéèlì lè ṣàìparọ́ rárá. Sódà kọ́sítììkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹni tó bá ṣí àpò rẹ̀ sílẹ̀ nígbà òjò yóò rí i pé wóró rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ó ń lẹ̀ mọ́ra, lẹ́yìn náà ó ń ṣomi. Ó ń wúwo sí i ní gbogbo ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n sódà inú rẹ̀ ò pọ̀ sí i. Omi lẹ ń fi owó sódà rà. Kílò pé, sódà ò pé. Hydrosulphite, kẹ́míkà tí aláró máa ń lò pẹ̀lú sódà, tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀rinrin ń pa agbára rẹ̀, nígbà tó bá sì dé inú ìkòkò aró, kò ní lè ṣe iṣẹ́ tí ẹ rà á fún.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi nìyí: ẹ wo wóró rẹ̀ kí ẹ tó wo síkéèlì. Bó bá gbẹ, tó ń dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wọ̀n ọ́n. Bó bá ti dì bí òkúta, ẹ fi sílẹ̀, kódà kí wọ́n dín owó rẹ̀. Ọwọ́ lásán ò gbọdọ̀ kàn án o. Nígbà tí ẹ bá sì délé, inú ike tó ní ìdérí líle ni kẹ́ ẹ dà á sí lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi í sínú ọ̀rá.

Àwọn tó ṣe irin Sèvres náà mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ń fi nǹkan lé irin lára. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń nù ún, tí wọ́n á sì fi ooru omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.

* * *

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní bí a bá gbé kílò kan gun orí Olúmọ, yóò fúyẹ́, pé nítorí náà kílò ò dájú. Ó yẹ kí a ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ níbí. Kílò ń sọ bí nǹkan fúnra rẹ̀ ṣe tó. Kò sọ bí ilẹ̀ ṣe ń fà á tó. Sódà kílò kan ní Ìtòkú, kílò kan náà ni lójú òṣùpá. Síkéèlì onísípíríǹgì ló ń wọn fífà ilẹ̀, tó wá ń pè é ní kílò fún wa.

Olúmọ ò jẹ́ nǹkan kan: mítà 137 ló fi ga ju ojú òkun lọ, bí ẹ bá sì tilẹ̀ gbé kílò kan láti etí òkun wá sórí rẹ̀, ohun tí yóò fi fúyẹ́ lójú sípíríǹgì kò tó ìdá kan nínú ogún gíráàmù kan. Ibi tó ti ń ṣe nǹkan ni ìrìn àjò gígùn. Ilẹ̀ ń fa nǹkan díẹ̀ sí i bí a bá ṣe ń kúrò níhìn-ín lọ sápá àríwá ayé. Síkéèlì onísípíríǹgì tí wọ́n tò ní ìlú Paris, tí ẹ gbé wá sí Abẹ́òkúta láìtún un tò, yóò fi nǹkan bíi gíráàmù 3 dín kílò kan kù. Nínú àpò kílò 50, ó ju gíráàmù 100 lọ, olùtà ló sì ń pàdánù. Síkéèlì alápá méjì kò ní wàhálà yìí, torí ohun tí ń fa ẹrù náà ló ń fa òkúta ìwọ̀n.

* * *

Ìbéèrè tó kù: "Bí nọ́ńbà Planck ṣe wà níbẹ̀ yẹn, báwo ló ṣe ń dé ọjà Kútọ̀?"

Ọwọ́ sí ọwọ́ ló ń gbà dé. Ibi tí síkéèlì Kibble tàbí bọ́ọ̀lù silicon wà ni wọ́n ti ń wọn irin àkọ́kọ́. Irin yẹn ni wọ́n fi ń wọn ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ti orílẹ̀-èdè ni wọ́n fi ń wọn ti àwọn tó ń yẹ ìwọ̀n wò. Tiwọn ló sì yẹ kó dé orí síkéèlì wa. SON, àjọ tó ń rí sí ìlànà ọjà (Standards Organisation of Nigeria), àti ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìwọ̀n ló ni apá tiwọn nínú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ibi tí okùn náà bá ti já, ibẹ̀ ni kílò ti kú, ó wù kí àwọn ará Versailles ṣe iṣẹ́ wọn dáadáa tó. Mo ti rí síkéèlì tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń sinmi lórí gíráàmù 100 kí ẹnikẹ́ni tó gbé nǹkan lé e. Mo ti rí èyí tí wọ́n pààrọ̀ àwo orí rẹ̀ sí èyí tó wúwo, tí wọn ò dá a padà sí òdo. Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ kì í ṣe oníjìbìtì, kò kàn mọ̀ ni.

Ẹnì kan mú àbá wá pé kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà wa ra òkúta ìwọ̀n kílò kan tó ní ìwé ẹ̀rí, kí alága máa tọ́jú rẹ̀ sílé. Mo fara mọ́ rírà rẹ̀. Ẹ béèrè fún èyí tí wọ́n kọ M1 sí, nítorí àṣìṣe rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ, ìyẹn sì ju ohun tí ọjà nílò lọ. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ gbígbé e sílé alága. Ohun tí ẹnì kan ṣoṣo lè rí ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún sá kúrò nídìí rẹ̀ ní Sèvres. Kí ló dé tí àwa yóò fi bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀? Kí ó wà nínú ọjà, kí olùtà àti oníbàárà lè béèrè fún un. Ẹ má fọwọ́ tútù gbé e, ẹ má jẹ́ kí sódà kàn án, ẹ dá a padà sínú àpótí rẹ̀.

Mo ní ọ̀kan tí mo fi ń dán síkéèlì mi wò kí n tó pàtẹ. Mo máa ń gbé e sí àárín àwo, mo tún máa ń sún un sí etí rẹ̀. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá yàtọ̀, mo mọ̀ pé síkéèlì náà ń fẹ́ àtúnṣe. Ẹni tó bá fẹ́ dán tirẹ̀ wò kí ó gbé e wá sí Ìtòkú láàárọ̀, kí àwọn oníbàárà tó pọ̀, kí ó sì mú bátìrì tuntun dání.